Ìyókù Rẹ̀ Wà Lẹ́yìn Ògiri

Ọlọ́run Ọba ló fi ojú sókè imú, kí èèyàn lè kọ́kọ́ rí ọmọnìkejì rẹ̀ kó tó gbóòórùn rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún un. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé imú ni wọ́n fi ń ríran, ojú wọn kàn wà níbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́ ni. Díákónì Malachi Akínladé ti Ìdọ̀fin, ní Ìgbó-Ọrà, wà lára wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, olórí àwọn úṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó tún ń kọ́ àwọn àgbà ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Bó bá ń gbàdúrà, adìyẹ àdúgbò á dákẹ́.

Ìlú tí wọ́n ti ń bí ọmọ ní méjì-méjì mà nìyí o! Agboolé wo lẹ fẹ́ wọ̀ ní Ìgbó-Ọrà tí ẹ ò ní bá Táíwò, tí ẹ ò ní bá Kẹ́hìndé? Síbẹ̀, bàbá yìí dàgbà, ó hu ewú láàárín ìbejì, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹnìkejì.

Ohun tó ṣe nìyí. Opó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Gbénró. Láfún ló ń ṣe. Á bẹ ẹ̀gẹ́, á rẹ ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin títí á fi rọ̀, á wá lọ sá a sórí àpáta. Ẹ̀yin náà mọ òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀. Kì í ṣe lọ́fínńdà. Láti ayébáyé ni ilé méjèèjì ti jọ ń fa omi nínú kànga tó wà lẹ́yìnkùlé Díákónì. Ọdún tí Díákónì fẹ̀yìn tì, ó kó búlọ́ọ̀kù wálé, ó mọ ògiri tó ga ju orí èèyàn lọ sáàárín ilé méjèèjì, kànga sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí Ìyá Gbénró wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nítorí omi, Díákónì fi ọwọ́ kan mú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì di imú, ó ní:

"Ẹ̀yin oníláfún, omi kì í ṣe tèmi, ti Ọlọ́run ni. Kànga ló jẹ́ tèmi."

Ó wá pe Búrẹ́mọ̀, mọlémọlé àdúgbò tó tún máa ń fi ọ̀dà kọ̀wé, pé kó kọ òfin Olúwa sára ògiri náà ní ìhà ọ̀dọ̀ Ìyá Gbénró, kó lè máa wàásù fún àwọn oníláfún. FẸ́ ỌMỌNÌKEJÌ RẸ BÍ ARA RẸ. Lẹ́tà tí Díákónì ní kó fi kọ ọ́ gùn bí apá àgbà ọkùnrin. Nígbà tí Búrẹ́mọ̀ fi máa kọ ọ́ dé FẸ́ ỌMỌNÌKEJÌ RẸ, ààyè ti tán.

"Díákónì, ògiri tán o. Òfin ò tíì tán."

"Gba ẹ̀yìn rẹ̀. Kọ ìyókù síbẹ̀."

"Ọ̀dọ̀ tiyín kẹ̀, sà?"

"Ṣé ara ògiri kan náà kọ́ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni FẸ́ ỌMỌNÌKEJÌ RẸ ṣe kọjú sí Ìyá Gbénró, tí BÍ ARA RẸ sì kọjú sí Díákónì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, níbi tí òun àti ilé rẹ̀ nìkan ti lè kà á. Búrẹ́mọ̀, Mùsùlùmí ni, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níhìn-ín, ó wò ó lọ́hùn-ún, ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nílẹ̀. "Ó tọ́," ló wí. "Oníkálukú ti gba tirẹ̀."

*

Ọmọ́ṣọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Díákónì bí, kò sí nílé nígbà tí wọ́n mọ ògiri. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wà. Nígbà tó fi ríṣẹ́ tíṣà sí Èrúwà, tó ń wálé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ògiri ti pé ọdún mẹ́fà, ewédò ti hù sí i nídìí. Ẹ má sì rò pé òun sàn ju bàbá rẹ̀ lọ nígbà náà. Ọmọ ẹkùn, ẹkùn ni. Ọmọ adimú, adimú ni. Lọ́sàn-án Sátidé kan ló ń fa omi, afẹ́fẹ́ gbé òórùn ẹ̀gẹ́ wá, ó fi etí ìró bo imú, ó tutọ́ sílẹ̀ pẹ̀ẹ́.

"Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin tí ẹ ń tutọ́," ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri. "A ti ń retí omi láti ọ̀dọ̀ yín. Itọ́ náà á ṣe díẹ̀."

Okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́ṣọlá. "Ta nìyẹn?"

"Ọmọnìkejì ni."

"Ọmọnìkejì ta?"

"Tiyín ni. Wọ́n kọ ọ́ síbí. Èmi ni Gbénró, ọmọ oníláfún. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní FẸ́ ỌMỌNÌKEJÌ RẸ, wọ́n bá dákẹ́. Kí ló kù?"

Ọmọ́ṣọlá yíjú sí ògiri. Ó ti ń rí ọ̀rọ̀ yẹn látìgbà tó ti ń wálé, kò kà á rí. "Bí ara rẹ," ló wí.

"Ẹ̀hẹ́n! Ọ̀dọ̀ yín ló wà? Mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá pín ẹran kì í fi àyà sílẹ̀ fún àlejò."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ọmọ́ṣọlá kó tó mọ̀, etí ìró sì já bọ́. Ẹ̀rín àti dídi imú, wọn kì í gbé ojú kan.

"Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o," ni Gbénró wí, "òórùn á wọlé."

Ó mọ Gbénró lójú tẹ́lẹ̀, bí èèyàn ṣe ń mọ òpó iná: a mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, a ò jẹ́ kí i. Ọmọkùnrin gíga tó ní oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Lánlátẹ̀, tó ń fi ọ̀kadà kó irè oko wálé. Kò tọrọ omi lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ kó tó kúrò nídìí ògiri: "Láti ibi ẹ̀rọ omi tó wà lọ́nà Ìdèrè ni ìyá mi ti ń ru omi bọ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tiro."

Ihò kékeré kan wà nídìí ògiri tí àgbàrá ń gbà kọjá. Nígbà tó di Sátidé kejì, Ọmọ́ṣọlá bá ẹnu rọ́bà gbọọrọ kan tó yọ ṣóńṣó níbẹ̀ bí ahọ́n. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó wá àrọ, ó kì í bọ ẹnu rọ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí i.

*

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fẹ́ra wọn láìríra. Bí Díákónì bá ti gbé Bíbélì lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, Ọmọ́ṣọlá á lọ sídìí kànga, á máa bu omi sínú àrọ, á máa ka BÍ ARA RẸ. Lódìkejì, Gbénró á jókòó ti dúrọ́ọ̀mù, á máa ka FẸ́ ỌMỌNÌKEJÌ RẸ, ọ̀rọ̀ á sì máa ti ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù bọ̀. Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe kú. Ó sọ irú ẹ̀gẹ́ tó ń ta dáadáa lọ́dún tí òjò bá sá. Àìpẹ́, Ọmọ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ ní Èrúwà. Bí wọ́n bá ń rẹ ẹ̀gẹ́ nílé ẹnikẹ́ni, òórùn rẹ̀ á mú un dúró lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Òun náà! Ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́kàn. Ẹni tó tutọ́ sílẹ̀ lánàá ló ń fi imú wá ohun tó tutọ́ sí.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan, ọkọ̀ kò tètè kún ní gáréèjì, Gbénró gbé ọ̀kadà dúró níwájú rẹ̀. Ó fi aṣọ nu ìjókòó ẹ̀yìn fún un. Nígbà tí wọ́n dé oko rẹ̀ lọ́nà Lánlátẹ̀, ó yà bàrá, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Àbẹ̀kẹ́," ló wí.

Ara Ọmọ́ṣọlá bù máṣọ. "Ta ló sọ oríkì mi fún ọ?"

"Màmá yín ló ń fi pè yín. Ògiri tí ẹ mọ ò ga tó oríkì." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rọra bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. "Ẹ kú wàhálà omi. Ṣé kò ti sú yín? Omi ń wá ní Túsìdeè, ó ń wá ní Tọ́sìdeè."

"Túsìdeè kẹ̀? Èrúwà ni mo máa ń wà ní Túsìdeè."

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọ́ṣọlá rántí ìró màmá rẹ̀, tí etí rẹ̀ máa ń tutù rinrin nígbà gbogbo. Màmá rẹ̀ tí kò sọ ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ níwájú Díákónì láti ọgbọ̀n ọdún. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Tíṣà," ni Gbénró wí, "ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ yìí. FẸ́ tó wà lára ògiri yẹn, èwo ni? Ṣé fẹ́ tí a fi ń gbé èèyàn wálé ni, àbí fẹ́ tí a fi ń gbàdúrà fún un lókèèrè?"

"Èwo ni ìwọ fi ń kà á?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi èkíní kà á."

Ọmọ́ṣọlá gun ẹ̀yìn ọ̀kadà padà, ó di aṣọ rẹ̀ mú níbàdí, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé Èrúwà. Ìdáhùn wo ni ẹ tún ń wá?

*

Àṣírí tú ní ọjọ́ tí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ kò pẹ́. Díákónì wọlé, ó gbọ́ omi tó ń dún ṣuuruṣu nídìí ògiri. Ó fi ọ̀pá tú ewé ká, ó rí rọ́bà, ó tẹ̀ lé e títí dé ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Olè!" ló kọ́kọ́ kígbe. Nígbà tó rí i pé ọmọ òun ni, ó ní, "Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo ń bu omi fún Ìyá Gbénró."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé mo fẹ́ ọmọ wọn."

"O fẹ́ ta?"

"Ọmọnìkejì mi, sà." Ó na ọwọ́ sí ògiri.

Díákónì wo ògiri bí ẹni tí ajá rẹ̀ bù jẹ. "Kì í ṣe irú fẹ́ yẹn! Ti ẹ̀mí ni! Ṣé mi ò ń gbàdúrà fún wọn ni? Ṣé mi ò dárúkọ àwọn opó lọ́jọ́ ọdún Ìkórè? Japheth, ọmọ alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúwà, ń béèrè rẹ. Ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, ẹ̀rọ amúlétutù méjì ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe ọkọ, Bàbá."

"Ọmọ oníláfún! Ṣé imú rẹ kú ni?"

"Rárá o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni."

Díákónì fa rọ́bà yọ, ó fi àdá gé e sí wẹ́wẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ní kí Búrẹ́mọ̀ fi sìmẹ́ńtì dí ihò àgbàrá. Ó wá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè níwájú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́: "Ọjọ́ tí mo bá fi ọmọ oníláfún ṣe àna, ọjọ́ yẹn ni ògiri yìí máa lanu!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Màmá Ọmọ́ṣọlá wí.

Búrẹ́mọ̀, tó ń po sìmẹ́ńtì lọ́wọ́, gbọ́. Ó ń kùn sínú bí ẹni ń ki oríkì:

"Akínladé, a-dọ̀bálẹ̀-kí-pásítọ̀,
A-kí-aládùúgbò-bí-ẹní-lé-adìyẹ.
Ó dí ihò eku, ó dí ihò àgbàrá,
Ó ku ihò imú tí ò rí sìmẹ́ńtì dí."

*

Ní Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, tí ilé-ìwé ti wọ họlidé, ni Ọmọ́ṣọlá gba ojú títì yípo, ó wọ agbàlá Ìyá Gbénró fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó bá obìnrin náà lórí àpótí, òkìtì ẹ̀gẹ́ níwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Háà, ọmọ olómi! Dìde, ilẹ̀ ibí máa ń rùn. Ṣé kí n wá ibi tí afẹ́fẹ́ wà fún ọ?"

"Ibí náà dáa, mà."

Ìyá Gbénró kò dá ọ̀bẹ dúró. "Gbénró, Àkànó mi, ti sọ fún mi. Mo ní rárá. Bàbá rẹ nìkan kọ́ ló ní ẹnu tí wọ́n fi ń kọ̀. Ṣé o rí ọmọ yẹn?" Ó gbé orí sókè, ohùn rẹ̀ yí padà:

"Àkànó, ọmọ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ funfun bí òwú.
A rì í sómi, kò kú;
A sá a sóòrùn, kò ṣá;
A gún un lódó, ó di oúnjẹ ọba.

Òun nìkan ni mo ní. Mi ò ní fà á fún ilé tí wọ́n á ti máa di imú jẹun níwájú rẹ̀. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè, má sì fi gírámà dá mi lóhùn. Ṣé ọmọ mi lo fẹ́ ni, àbí bàbá rẹ lo kórìíra? Ẹni tó bá fi ọmọ mi ṣe ọ̀pá tó fẹ́ fi na bàbá rẹ̀, bó bá nà án tán, á ju ọ̀pá nù."

Gbogbo òru àná ni Ọmọ́ṣọlá ti fi ń sọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ tó korò tó sì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Kò tíì rántí Gbénró lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Tí bàbá òun bá ní "Mo gbà" ní ìsinsìnyí, ṣé adùn ọ̀rọ̀ náà ò ní dín? Ó wò yíká bí ẹni tó fẹ́ sá.

"Ọ̀bẹ kan wà níbẹ̀ yẹn," ni Ìyá Gbénró wí. "Ẹni tí ò ní ìdáhùn á ní ọwọ́."

Ọmọ́ṣọlá mú un, ó bẹ ẹ̀gẹ́ títí di ọ̀sán. Nígbà tí Gbénró ti oko dé, tó rí i níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ funfun pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ojú rẹ̀ yẹn, Ọmọ́ṣọlá wò ó, kò sì rántí bàbá rẹ̀ rárá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìṣẹ́jú yẹn.

*

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Díákónì ló ń fi èèyàn jókòó. Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, ló yà sọ́tọ̀ fún Ìyá Gbénró, "kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́." Òótọ́ ló sọ. Nínú gbogbo ìjọ yẹn, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ọmọ́ṣọlá dìde láàárín àwọn akọrin, ó rin ọ̀nà àárín bọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó jókòó ti Ìyá Gbénró. Díákónì sáré bá a níbẹ̀.

"Dìde," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ibi tìrẹ kọ́ nìyí."

"Ibi tèmi ni, sà. Èmi náà ń rùn." Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi ń bẹ ẹ̀gẹ́. Díákónì fà sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí imú lójú gbogbo ìjọ. Lórí àga ìwàásù, Pásítọ̀ Bámiṣẹ́ ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé.

Ìyá Gbénró kò wo ojú ọmọ náà. Ó kàn sún díẹ̀ fún un. Nígbà tí ìsìn parí, Ọmọ́ṣọlá ní, "Mà, ìdáhùn mi rèé. Ọmọ yín ni mo fẹ́. Ní ti bàbá mi, mo ṣì ń gbàdúrà sí i."

"Èyí tí kì í ṣe irọ́ nìyẹn," ni ìyá náà wí. "Màá rán Búrẹ́mọ̀."

*

Búrẹ́mọ̀ ò sì lọ bí alárinà òmùgọ̀. Ó dúró de ọjọ́ tí ìpàdé àdúrà ilé-dé-ilé bọ́ sí ọ̀dọ̀ Díákónì, tí Pásítọ̀ Bámiṣẹ́ àti àwọn àgbà ìjọ kún inú pálọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Àmín ni ó wọlé. Gbénró dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Gbénró kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Búrẹ́mọ̀," ni Díákónì wí, "ta ló pè yín?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi?"

"Ẹ kọ̀wé pè wá. Ọwọ́ mi yìí lẹ fi kọ ọ́." Ó yíjú sí àwọn àgbà. "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ó di ọdún méje tí Díákónì ti kọ ọ́ sójú àwọn wọ̀nyí, FẸ́ ỌMỌNÌKEJÌ RẸ. Àràárọ̀ lọmọ ń kà á sí ìyá rẹ̀ létí. Wọ́n ní ó pẹ́ kí ó tó yé àwọn, kí Díákónì má bínú. Àmọ́ aláìgbọràn kọ́ làwọn. Wọ́n ti gbà. Wọ́n ní àwọn fẹ́."

Àgbà kan bú sẹ́rìn-ín, ó yí i pa dà sí ikọ́. Díákónì na ọ̀pá. "Ẹ gbọ́ bí aláìmọ̀wé ṣe ń yí ìwé! Fẹ́ yẹn kọ́ ni fẹ́ yìí!"

"Òótọ́ ni, sà, méjì ni. Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí lójú. Ìyá Gbénró, èwo nínú méjèèjì lẹ ti rí gbà?"

Gbogbo ojú yí sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Gbénró ò gbóhùn sókè. "Èmi ò mọ̀wé. Mo mọ̀ pé ní ọdún méje, Díákónì ò pe orúkọ ọmọ mi mọ́ mi rí. Oníláfún ni wọ́n ń pè mí. Mi ò rí èkíní, mi ò rí èkejì. Afẹ́fẹ́ fèrèsé ni mo rí. Èyí táa sì ń rí gbà láti ihò àgbàrá, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí i."

"Díákónì," ni Pásítọ̀ Bámiṣẹ́ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé òótọ́ ni pé ẹ di omi mọ́ opó?"

"Omi? Rárá o, Pásítọ̀, ẹ̀sùn irọ́—"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Màmá Ọmọ́ṣọlá wí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìn.

Gbólóhùn yẹn náà ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń pọ́n ọn bí ọ̀bẹ, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Kí n má purọ́ fún yín pé ọkàn Díákónì yí padà. Ọkàn tó ti gan kì í rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta bí ẹ̀gẹ́. Ó wo Pásítọ̀, ó wo àwọn àgbà, ó wo báàjì olórí úṣà tó wà láyà rẹ̀. Ojú ayé gbá a létí. "Tó bá jẹ́ ìfẹ́ Olúwa ni," ló wí, "ta ni mo jẹ́?" Ẹ ò rí bó ṣe ti Olúwa ṣíwájú, bí ẹni ti ọmọdé ṣíwájú ajá.

Gbénró ti fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀. Ọmọ́ṣọlá dá a dúró. "Bàbá, ẹ ṣe é. Àmọ́ ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹ ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ọmọ oníláfún ṣe àna, ògiri máa lanu."

"Etí mi wà níbẹ̀," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Òòlù mi wà lẹ́yìn ọ̀kadà."

*

"Má bà mí lẹ́tà jẹ́!" Díákónì ń pariwo láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. "Gba ìsàlẹ̀! Gba ẹ̀gbẹ́!"

"Ẹ̀gbẹ́ ò gba ọ̀kadà ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, sà. Àárín ló tọ́ sí ojú kànga." Búrẹ́mọ̀ gbé òòlù, ó ní Bísímílà, ó là á mọ́ Ọ àkọ́kọ́. Búlọ́ọ̀kù ń wó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ỌMỌNÌKEJÌ fi lọ pátápátá. ARA tó wà lẹ́yìn bá a lọ. Ó ku FẸ́ lápá òsì, ó ku RẸ lápá ọ̀tún, ẹnu ọ̀nà gbàgàdà sì ṣí sáàárín.

Ọmọ́ṣọlá wà nínú agbàlá Ìyá Gbénró, ó ń kó ẹ̀gẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Inú rẹ̀ ń dùn, ó sì ń fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀sín lọ́kàn. Ó gbé ojú sókè kó lè wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà ibí, bí Gbénró ṣe ń wò ó láti ọjọ́ yìí. Eruku ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

FẸ́. Lẹ́yìn náà, bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, RẸ.

Ibẹ̀ gan-an ló dúró, nínú ojú ihò, kò wọlé, kò padà. Ọwọ́ kan mú ọ̀pá, ọwọ́ kejì di imú. Eruku ti sọ ojú rẹ̀ di funfun bí ẹni tí wọ́n rì sínú láfún, ó sì kéré sí i láàárín lẹ́tà ńláńlá yẹn.

Ọmọ́ṣọlá wò ó títí. Àánú ṣe é. Ẹ̀gàn ò sì tíì tán nínú rẹ̀. "Olúwa," ló wí lọ́kàn, "èyí náà ni?"

"Ẹ wọlé, Díákónì," ni Ìyá Gbénró ké láti orí àpótí. "Ẹ má fi imú sílẹ̀ tí kò bá wù yín. Ká ṣáà máa ríra."

Bàbá náà gbé ẹsẹ̀ kan, òkúta yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀pá ò ràn án lọ́wọ́. Ọmọ́ṣọlá ti dé iwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ọwọ́ funfun tí omi ẹ̀gẹ́ ń kán nídìí ìka rẹ̀. Díákónì wo ọwọ́ náà. Ó wo ọ̀pá. Ọlọ́run ò fún èèyàn ní ọwọ́ kẹta.

Ó fi imú sílẹ̀.

"Ìyá Gbénró," ló wí, nígbà tí ọmọ rẹ̀ fà á wọlé, "ẹ kú iṣẹ́."